Ọmọ Ẹ̀gbá méjì fìdí rẹmi ní Kaduna lọ́dún 1977, wọ́n padà bá àwọn tó nà wọ́n gba ife Áfíríkà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìjà kò dọlà, orúkọ ní í sọ ni. Bí òwe yìí bá bá ìjà kankan mu nínú ìtàn bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nílẹ̀ Nàìjíríà, ìjà tó wáyé láàárín ikọ̀ IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn àti Rangers International ti Enugu lọ́dún 1977 ni. Owó táwọn agbábọ́ọ̀lù ń gbà láyé ìgbà náà kò tó ohun tí à ń pariwo, ṣùgbọ́n orúkọ tí ìjà náà sọ wọ́n kò tíì parẹ́ lẹ́nu àwọn tó ti gbọ́njú nígbà náà.

Ìdíje African Cup Winners' Cup ló pa wọ́n pọ̀, ìyẹn ìdíje tí wọ́n máa ń ṣe fáwọn ikọ̀ tó bá gba ife ńlá ní orílẹ̀-èdè wọn. Ìpele tó kángun sí àṣekágbá ni wọ́n ti pàdé. Wọ́n gbá a fún ìṣẹ́jú 90 nígbà àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò rí àwọ̀n ẹnìkejì. Wọ́n tún gbá a fún ìṣẹ́jú 90 lẹ́ẹ̀kejì, bákan náà ló rí. Ìgbà tí wọ́n fi pẹnáritì yanjú ọ̀rọ̀ náà ni Rangers tó rọ́nà kọjá.

Fáwọn ará Abẹ́òkúta àti gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ìjà náà kì í ṣe ti Ìbàdàn nìkan. Méjì nínú àwọn tí Shooting Stars gbójú lé jù lọ, Mudaṣiru Lawal tí gbogbo ayé mọ̀ sí Muda, àti Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, ọmọ Abẹ́òkúta ni wọ́n. Wọ́n pàdánù lọ́jọ́ náà. Àmọ́ kò tó ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn méjèèjì fi wọ aṣọ kan náà pẹ̀lú àwọn tó nà wọ́n ní Kaduna, tí wọ́n sì gba ife tí Nàìjíríà kò gbà rí. Bí abánidíje ṣe di ará ilé ni ìtàn yìí dá lé.

Mẹ́káníìkì àti akẹ́kọ̀ọ́ Pólì

Ọ̀nà tí àwọn ọmọ Ẹ̀gbá méjèèjì gbà dé inú ikọ̀ Shooting Stars kò jọra rárá.

Ọjọ́ 8, oṣù Kẹfà, ọdún 1954 ni wọ́n bí Muda Lawal ní Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ mẹ́káníìkì ló ń ṣe kí bọ́ọ̀lù tó sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ayé ń wárí fún. Nígbà tó wọ ikọ̀ Shooting Stars, ààrin pápá ni wọ́n fi sí. Ibẹ̀ sì ni ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù nínú bọ́ọ̀lù, nítorí pé ẹni tó bá wà ní ààrin ni yóò ran àwọn tó wà lẹ́yìn lọ́wọ́, òun náà ni yóò tún gbé bọ́ọ̀lù fáwọn tó wà níwájú. Muda kì í sinmi. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kópa nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, láti ọdún 1976 títí dé 1984, láìfo ọ̀kankan.

Ìlú Èkó ni wọ́n ti bí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ní tirẹ̀, ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹjọ, ọdún 1952, àmọ́ Abẹ́òkúta ni orírun rẹ̀. Ìlú Jos lókè ọya ló ti dàgbà, kó tó wá kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Pólì Ìbàdàn. Apá ọ̀tún iwájú ló ti máa ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, eré sísá rẹ̀ sì máa ń da àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn láàmú. Ernest Okonkwo, gbajúmọ̀ tó máa ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò, ló sọ ọ́ ní "Mathematical", nítorí pé bí ẹni tó ń ṣe ìṣirò ló ṣe máa ń gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ Ìgbò ni Okonkwo. Ọmọ Ìgbò ló sọ ọmọ Ẹ̀gbá ní orúkọ tí gbogbo Nàìjíríà fi ń pè é títí di òní.

Rédíò yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ bọ́ọ̀lù nígbà náà. Tẹlifíṣọ̀n kò pọ̀ láwọn abúlé, àgàgà láwọn ibi tí iná mọ̀nàmọ́ná kò tíì dé. Bí ìdíje ńlá bá wà, ẹni tó bá ní rédíò tó ń lo bátìrì nínú agboolé, òun lọba ọjọ́ náà. Etí làwọn èèyàn fi ń wo bọ́ọ̀lù, ọkàn ni wọ́n sì fi ń rí i.

Ibi tí ìfagagbága ti bẹ̀rẹ̀

Kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ tó lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ Kaduna fi gbóná tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó mọ irú ikọ̀ tí àwọn méjèèjì jẹ́.

Oṣù Kìíní ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé parí nílẹ̀ Nàìjíríà. Ọdún náà gan-an ni wọ́n dá Rangers sílẹ̀ ní Enugu. Àwọn èèyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun bọ̀, tí ilé àti ọ̀nà wọn bàjẹ́, tí ọmọ àti ẹbí wọn ti kú, rí ohun kan tí wọ́n lè fi gbé orí wọn sókè. Bí Rangers bá ti wọ pápá, kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù 11 ló ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́, gbogbo ìran ni. Èyí wà lára ohun tó jẹ́ kí ó ṣòro gan-an láti na Rangers. Lọ́dún 1974 àti 1975, àwọn ni wọ́n gba ife líìgì ilẹ̀ Nàìjíríà. Lọ́dún 1975 kan náà, wọ́n dé àṣekágbá ìdíje àwọn akọni ikọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, kí Hafia ti Conakry, lórílẹ̀-èdè Guinea, tó fàgbà hàn wọ́n.

Ní ti Shooting Stars, ikọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni. WNDC ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, kó tó di IICC. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá tó wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà kan ló kà á sí tiwọn. Lóṣù Kejì ọdún 1976, ìjọba ológun pín ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Abẹ́òkúta di olú-ìlú ìpínlẹ̀ tirẹ̀, kò sí lábẹ́ Ìbàdàn mọ́. Àmọ́ ìwé ìjọba ló pín ìpínlẹ̀, kò pín ìfẹ́ bọ́ọ̀lù. Àwọn ará Ẹ̀gbá ṣì ń ṣe ti Shooting Stars, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé ọmọ wọn ló wà ní ààrin, ọmọ wọn ló tún wà ní apá ọ̀tún.

Ẹ wá wo bí àwọn ikọ̀ méjèèjì ṣe pín ọlá láàárín ọdún méjì péré. Lọ́dún 1976, Shooting Stars ló gba ife líìgì, òun náà ló sì gba African Cup Winners' Cup lọ́wọ́ Tonnerre ti ìlú Yaoundé, lórílẹ̀-èdè Cameroon. Òun ni ikọ̀ àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tí yóò gba ife kankan nílẹ̀ Áfíríkà. Lọ́dún 1976 kan náà, Rangers ló gba Challenge Cup nílé. Nígbà tó di 1977, ọ̀rọ̀ yí bírí. Rangers ló gba líìgì, Rangers ló gba ife Áfíríkà, Shooting Stars ló wá gba Challenge Cup. Ohun tí ọwọ́ ọ̀tún gbà lọ́dún kan, ọwọ́ òsì ló gbà á lọ́dún kejì. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ju ẹnìkejì lọ.

Ìyẹn ló fà á tí àwọn méjèèjì fi bá ara wọn nínú ìdíje kan náà lọ́dún 1977. Shooting Stars wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ife wà lọ́wọ́ rẹ̀, Rangers wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gba Challenge Cup lọ́dún tó ṣáájú. Wọ́n ń na àwọn ikọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn lọ, àfi ìgbà tí ọ̀nà ṣàdédé sé, tí wọ́n rí i pé ará ilé ló dúró síwájú.

Ìṣẹ́jú 180 láìsí góòlù

Ìpàdé àkọ́kọ́ wáyé ní ìlú Èkó. Òmì ni wọ́n ta, 0-0. Ó wá ku ìpàdé kejì tí yóò yanjú ọ̀rọ̀.

Ìpàdé kejì yìí kò wáyé ní Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni kò wáyé ní Enugu. Kaduna ni wọ́n gbé e lọ, ní pápá ìṣeré Ahmadu Bello, níbi tó jìnnà sílé àwọn méjèèjì, tí ẹnikẹ́ni kò ti lè pe ara rẹ̀ ní onílé. Ẹ rántí pé ọdún méje péré ló tíì kọjá lórí ogun abẹ́lé. Ojú ọgbẹ́ kò tíì jinná tán. Ìjọba ológun ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tóun náà jẹ́ ọmọ Òwu ní Abẹ́òkúta, ló wà lórí àléfà nígbà náà. Ohun tó wà nílẹ̀ ju bọ́ọ̀lù lọ. Bí ikọ̀ kan bá ti ń jẹ́ ti Yorùbá lẹ́nu àwọn èèyàn, tí èkejì sì ń jẹ́ ti Ìgbò, ìwà wèrè díẹ̀ lórí pápá lè di ohun tí apá kò ní ká mọ́ nígboro.

Iṣẹ́ tó wà lọ́rùn àwọn agbábọ́ọ̀lù náà nìyẹn. Wọ́n ní láti jà tọkàntọkàn, nítorí pé ẹni tó bá fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, ará ilé rẹ̀ kò ní dárí jì í. Síbẹ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìjà náà kọjá ilà funfun tí wọ́n fà sí etí pápá.

Wọ́n gbá ìdajì àkọ́kọ́, kò sí góòlù. Wọ́n gbá ìdajì kejì, kò sí góòlù. Ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù lè rò pé bí góòlù kò bá ti sí, kò sí adùn níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ikọ̀ méjèèjì mọ ara wọn délédélé. Christian Chukwu, balógun Rangers tí Ernest Okonkwo sọ ní "Chairman", mọ ibi tí Ọdẹ́gbàmí máa ń gbà kí ó tó dé ibẹ̀. Ọdẹ́gbàmí náà mọ̀ pé Chukwu mọ̀. Ọlọ́dẹ méjì tó ń dọdẹ ara wọn nínú igbó kan náà ni wọ́n. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe ni yóò kú, ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi ṣe àṣìṣe.

Ìṣẹ́jú 180 parí, òdo ni wọ́n ṣì jọ wà. Rẹfirí pè wọ́n sí pẹnáritì.

Pẹnáritì kì í ṣe ohun tí à ń fi ẹsẹ̀ nìkan gbá. Ẹsẹ̀ bàtà 36 ni ibi tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù sí jìnnà sí ilé. Ẹsẹ̀ bàtà 24 ni ilé náà fẹ̀, mẹ́jọ ló ga. Bí èèyàn bá wò ó lójú lásán, yóò ní ọmọdé lè gbá a wọlé. Àmọ́ bí ẹsẹ̀ bá ti rẹ èèyàn, tí ojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún wà lára rẹ̀, tí orúkọ ìlú rẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀, ilé náà yóò kéré lójú rẹ̀ bí ojú abẹ́rẹ́.

Fún ti Shooting Stars, ìṣòro mìíràn tún wà níbẹ̀. Emmanuel Okala ni aṣọ́lé Rangers. Gíga rẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ dáadáa, apá rẹ̀ sì gùn. Bí ó bá na ọwọ́ méjèèjì síta, ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù yóò máa wá ibi tí yóò gbé e gbà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Rangers ti gbá mẹ́rin wọlé, méjì péré ni Shooting Stars rí gbá wọlé. Ife tí wọ́n gbà lọ́dún 1976 bọ́ lọ́wọ́ wọn, kì í sì í ṣe pé ẹnikẹ́ni gbá góòlù kan sí wọn lórí pápá láàárín ìṣẹ́jú 180.

Rangers tẹ̀síwájú dé àṣekágbá, wọ́n na Canon ti Yaoundé 4-1 ní Enugu, wọ́n ta òmì 1-1 ní Cameroon, wọ́n sì gbé ife náà wálé. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ papọ̀, ọdún méjì tẹ̀léra ni ife náà fi wà ní Nàìjíríà. Ó kàn kúrò ní Ìbàdàn lọ sí Enugu ni.

Bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́

Àwọn Yorùbá ní bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́. Kò pẹ́ rárá tí òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí fi hàn.

Lọ́dún 1977 yẹn náà, àwọn agbábọ́ọ̀lù ikọ̀ méjèèjì ló jọ wà nínú Green Eagles, ikọ̀ Nàìjíríà tó ń wá ọ̀nà lọ sí ìdíje ife àgbáyé ti ọdún 1978 ní Argentina. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kọkànlá, wọ́n gbàlejò Tunisia ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè. Bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n gbé wá síwájú ilé Nàìjíríà ni Godwin Odiye fẹ́ fi orí lé síta, àfi bó ṣe wọ àwọ̀n tiwa. Okala ló wà nílé. Nàìjíríà pàdánù 0-1, ọ̀nà Argentina sì dí. Okala tó di ohun ìbẹ̀rù fún Shooting Stars ní Kaduna, òun náà ló wà nílé lọ́jọ́ tí ará Ìbàdàn àti ará Enugu jọ sunkún. Ẹkún kan náà ni.

Ó jọ pé ẹkún náà ló fi ìdí ilé múlẹ̀. Nígbà tí ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà dé sí Nàìjíríà lóṣù Kẹta ọdún 1980, Otto Gloria, akọ́nimọ̀ọ́gbá ọmọ orílẹ̀-èdè Brazil, ló ń darí ikọ̀ náà. Ẹni tó bá wo orúkọ àwọn tó mú, yóò rí i pé orí òkúta méjì ni ilé náà dúró lé. Láti Shooting Stars ni Best Ogedegbe tó ń ṣọ́lé ti wá, àti Muda Lawal, àti Ọdẹ́gbàmí, àti Felix Owólabí. Láti Rangers ni Christian Chukwu tí wọ́n fi ṣe balógun ti wá, àti Aloysius Atuegbu tó dúró ní ààrin pápá pẹ̀lú Muda. Okala pàápàá wà nínú ikọ̀, Ogedegbe tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà ló sì wà nílé lọ́jọ́ àṣekágbá.

Wọ́n na Tanzania 3-1, wọ́n ta òmì 0-0 pẹ̀lú Ivory Coast, wọ́n na Egypt 1-0. Níbi ìpele tó kángun sí àṣekágbá, góòlù kan ṣoṣo tí Owólabí gbá sílé Morocco ló gbé wọn kọjá.

Ọjọ́ 22, oṣù Kẹta, ọdún 1980 ni àṣekágbá pẹ̀lú Algeria. Pápá ìṣeré Sùúrùlérè kún dẹ́nu, ààrẹ Shehu Shagari náà sì wà níbẹ̀. Ìṣẹ́jú kejì ni Ọdẹ́gbàmí gbá àkọ́kọ́ wọlé, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì fìdí kalẹ̀ tán. Nígbà tó di ìṣẹ́jú 42, ó tún gbá èkejì wọlé. Wọ́n sinmi, wọ́n padà dé, nígbà tó di ìṣẹ́jú 50, Muda Lawal gbá ẹ̀kẹta. Ó parí sí 3-0.

Góòlù mẹ́ta ni Nàìjíríà fi gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, ọmọ Abẹ́òkúta ló gbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun ìwúrí ńlá lèyí jẹ́ fún gbogbo Ẹ̀gbá. Àmọ́ ọwọ́ tó gba ife náà lọ́wọ́ ààrẹ, tó gbé e sókè kí gbogbo ayé rí i, ọwọ́ Christian Chukwu ni. Balógun Rangers, ẹni tó dínà mọ́ àwọn ọmọ Ẹ̀gbá wọ̀nyí ní Kaduna, òun náà ló bá wọn gbé èrè iṣẹ́ wọn sókè. Ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́jọ́ náà bóyá Yorùbá ló gbá góòlù tàbí Ìgbò ló gbé ife.

Kì í ṣe bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nìkan

Irú ohun báyìí kò mọ sí ilẹ̀ wa. Àwọn tó ń tẹ̀lé eré tẹníìsì ṣì ń sọ̀rọ̀ àṣekágbá Wimbledon ti ọjọ́ 6, oṣù Keje, ọdún 2008, nílùú London, níbi tí Rafael Nadal ọmọ Spain ti na Roger Federer ọmọ Switzerland. Nadal kọ́kọ́ mú ìpele méjì, 6-4, 6-4. Federer gba méjì padà, 7-6, 7-6. Wọ́n wá fa ìpele karùn-ún títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ ṣú, kí Nadal tó fi 9-7 parí rẹ̀. Wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 48 ni wọ́n fi gbá a. Òjò dá wọn dúró láàárín, wọ́n tún padà wá.

Àwọn méjèèjì ti ń bá ara wọn fa á fún ọdún mẹ́rin kó tó di ọjọ́ náà. Wọ́n sì ń fa á lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí Federer fẹ́ fi rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kọ́ lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, Nadal ló yàn láti bá òun gbá ìdíje ìkẹyìn, kí wọ́n jọ dúró sí apá kan náà. Lẹ́yìn ìdíje náà, àwọn méjèèjì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, omijé ń bọ́ lójú wọn. Ẹni tó bá ti rí Chukwu àti Ọdẹ́gbàmí nínú aṣọ kan náà ní Sùúrùlérè lọ́dún 1980 kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹnu. Abánidíje tó bá tó gbangba í sùn lọ́yẹ́ ló ń jẹ́ kí èèyàn mọ bí agbára òun ti tó. Bí kò bá sí Rangers, Shooting Stars kò bá má le tó bí wọ́n ṣe le. Bí kò bá sí Shooting Stars, Rangers náà kò bá má ga tó bẹ́ẹ̀.

Orúkọ tó kù nílẹ̀

Ọdún 1984 ni Ọdẹ́gbàmí fi bàtà bọ́ọ̀lù kọ́, lẹ́yìn tí Zamalek ti Egypt na Shooting Stars níbi àṣekágbá ìdíje àwọn akọni ikọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Shooting Stars nìkan ló gbá bọ́ọ̀lù fún. Ó padà wálé sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ní Wásimi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ewékorò, ló dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ ti ń kàwé tí wọ́n sì ń kọ́ eré ìdárayá, kí ọmọ tó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá má baà di ẹni tí kò mọ ìwé. Iléeṣẹ́ rédíò eré ìdárayá, Eagle7, náà wà ní Abẹ́òkúta tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí rédíò sọ lórúkọ wá di ẹni tó ní rédíò.

Ọ̀rọ̀ Muda kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1984, ó ṣì wà lára àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà níbi àṣekágbá ife Áfíríkà. Òun ló gbá góòlù kan ṣoṣo tí Nàìjíríà ní lọ́jọ́ náà, nígbà tí Cameroon fi 3-1 borí. Ọjọ́ 6, oṣù Keje, ọdún 1991 ni ọlọ́jọ́ dé. Ọmọ ọdún 37 péré ni. Pápá ìṣeré tó wà ní Aṣẹ́rò, ní Abẹ́òkúta, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Bí mọ́tò bá ń gba ibẹ̀ kọjá, orúkọ Muda Lawal ni àwọn èrò fi ń sọ ibi tí wọ́n fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń pe orúkọ náà lójoojúmọ́ ni wọn kò mọ ẹni tó jẹ́ ẹ.

Best Ogedegbe kú lọ́dún 2009. Lọ́dún 2019, àìsàn kọlu Christian Chukwu, ọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú lókè òkun sì dìde. Oníṣòwò ọmọ Ẹ̀pẹ́, Fẹ́mi Ọ̀tẹ́dọlá, ló yọ owó tó tó 50,000 dọ́là sílẹ̀ fún ìtọ́jú rẹ̀. Yorùbá ni Ọ̀tẹ́dọlá, kò sì béèrè ikọ̀ tí Chukwu gbá bọ́ọ̀lù fún kó tó na ọwọ́ sí i. Chukwu gbádùn, ó sì lo ọdún mẹ́fà sí i lórí ilẹ̀ alààyè kó tó jáde láyé lóṣù Kẹrin ọdún 2025.

Rangers àti Shooting Stars ṣì wà nínú líìgì ilẹ̀ Nàìjíríà. Rangers tún gba ife náà lọ́dún 2024, ti Shooting Stars ìkẹyìn sì ni ti ọdún 1998. Wọ́n ṣì máa ń pàdé, àmọ́ ariwo rẹ̀ kò tó ti àtijọ́. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, ẹni tó bá rìn yíká Kútọ̀ tàbí Pánṣẹ́kẹ́ yóò rí i bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń kún ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń torí Arsenal àti Chelsea bá ara wọn jiyàn títí ohùn wọn yóò fi há. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Àmọ́ ohun tó dára ni kí ọmọ mọ̀ pé ìgbà kan wà tí ìjà irú èyí wà nílé, tí ọmọ àdúgbò rẹ̀ sì wà láàárín rẹ̀.

Ó sì yẹ kó mọ èyí tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Lọ́dún 1977, orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jagun tán gbé ẹ̀yà méjì kojú ara wọn lórí pápá kan ní Kaduna fún odidi ọjọ́ kan, ìbínú sì wà nílẹ̀ tó lè da ìlú rú. Àwọn tó wà lórí pápá náà jà tí agbára wọn fi tán, ẹnì kan borí, ẹnì kan fìdí rẹmi, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ọgbọ́n tí mẹ́káníìkì kan láti Abẹ́òkúta àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Enugu fi han àwọn àgbà ìlú nígbà náà ni pé èèyàn lè dúró ti ilé baba rẹ̀ gbọn-in, kó má sì kórìíra ilé ẹlòmíràn. Ọgbọ́n náà kò tíì gbó.